Èsì: Òjìji gèlè tó ń bo ojú nínú fọ́tò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní òjìji gèlè bo ojú ìyàwó tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, iwájú orí rẹ̀ sì ń dán, ẹ wá ń bèèrè bóyá kámẹ́rà yín ló ní àrùn. Gíga iná yín ló fa òjìji gèlè tó bo ojú ìyàwó yẹn, kámẹ́rà yín kò ní àrùn kankan. Ẹ sọ iná náà kalẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́, ní nǹkan bíi díígírì 45. Ẹ wo ẹyinjú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ kékeré bá ti ń tàn nínú méjèèjì, ẹ ti dé ibẹ̀.

Gèlè tó yọ síwájú ni mo ń sọ o. Bí kò bá wé gèlè, iná lè ga ju ojú lọ dáadáa.

Ní ti iwájú orí tó ń dán bí ẹni tó fi òróró para, ẹ má tíì fi kún páúdà. Iná yín tó kéré ní títóbi, tó sì jìnnà, ló fà á.

1. Ẹ na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú iná; kó má kan gílóòbù tó ń gbóná.
2. Ẹ sún iná àti aṣọ mọ́ ìyàwó náà. Bí ẹ bá dín àlàfo náà kù sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ẹ dín ISO kù (ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ fi ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa ń hàn tó nínú kámẹ́rà).
3. Kí ìyàwó gbé páálí funfun sórí itan, kó lè ta ìmọ́lẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná àjà. Bí iná méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ bá pàdé lójú ènìyàn, àtúnṣe rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kì í rọrùn.

Bí páálí bá wá pa gbogbo òjìji rẹ́, ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni ẹwà awọ dúdú ti ń yọ jù lójú tèmi.