Kọ̀ǹpútà olómi mi ń sọ ìgbóná mẹ́ta, èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Fídíò ìnáwó ni mò ń ṣe nílùú Ìbàdàn. Omi ni wọ́n fi ń tu kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́: CPU rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ni Ryzen 9 7900X, pọ́ǹpù kan, rédíétọ̀ onífáànù mẹ́ta. Bí mo bá ń gbé fídíò jáde, HWiNFO, áàpù tó ń ka sẹ́ńsọ̀ kọ̀ǹpútà, á ní 88 °C, áàpù tó bá pọ́ǹpù wá á ní 41 °C. Mo wá na ìbọn tí wọ́n fi ń wo ibà sí irin tó wà lórí CPU, ó ní 34 °C. Èwo ni òótọ́ níbẹ̀? Ẹni tó bá mi tò ó ní àfi kí n ra rédíétọ̀ kejì, owó rẹ̀ ò sì kéré.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. 88 òótọ́ ni, 41 náà òótọ́ ni. Ibi tí kálukú ti ń wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Ìbọn yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ gbé tì.

Awọ ara èèyàn ni wọ́n ṣe ìbọn ibà fún. Ìtànṣán ooru tó ń jáde lára nǹkan ló ń kà, irin tó ń dán kì í sì í tú ìtànṣán náà jáde dáadáa. Ooru ògiri àti ti ẹni tó dì í mú ló ń dá padà bíi dígí, òun ni ìbọn ń kà. Kódà ẹni tó bá ní irú ìbọn táwọn oníná ń lò gbọ́dọ̀ lẹ téèpù dúdú mọ́ ojú irin kó tó wò ó, ẹ̀yìn irin náà ló sì máa rí, kò ní rí inú.

88 yẹn, inú CPU fúnra rẹ̀ ló ti wá, torí AMD tó ṣe é ti gbin sẹ́ńsọ̀ sí i láti ilé iṣẹ́. Lórí HWiNFO, ìlà tó ń jẹ́ Tctl/Tdie ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹni tó ń lo Intel, CPU Package ni tiẹ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù máa ń ní ìlà mìíràn tó pè ní CPU lásán, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Irú CPU tiyín, AMD ṣe é pé kó lè ṣiṣẹ́ dé 95 °C, tó bá sì débẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò dín eré kù. 88 lásìkò tó ń gbé fídíò jáde kò tíì di àìsàn. (Àwọn tó ṣì ń lo Ryzen 7 1800X ti 2017, ẹ fara balẹ̀: ìyẹn ń fi 20 lé ìgbóná rẹ̀ gangan kí fáànù lè tètè sáré. Ẹ rí i pé áàpù tí ẹ ń lò ti yọ 20 náà kúrò.)

Ní ti 41, omi nìyẹn. Láàárín omi àti CPU yín, dígírì 47 ló wà, ojú ọ̀nà kúkúrú kan báyìí ló sì wà: láti ojú CPU bọ́ sára ìdérí rẹ̀, gba inú páàsítì (ọ̀rá tó ń gbé ooru kọjá), gba inú bàbà tó wà lórí rẹ̀, kó tó kan omi. Ojú CPU yín kéré, iná tó ń jẹ sì lè dé 230 W, ooru púpọ̀ ló ń gba ibi tóóró. Rédíétọ̀ kejì ò kan ibẹ̀ rárá. Tó bá fi dígírì 3 tu omi sí i, CPU náà á fi bíi 3 wálẹ̀. Ẹ ó rí 85, owó yín á sì ti lọ.

Nọ́ńbà tí ẹ ò wá fi ránṣẹ́ ni mo nílò jù: báwo ni yàrá yín ṣe gbóná tó? Omi ò lè tutù ju atẹ́gùn tó ń gba inú rédíétọ̀ kọjá lọ. Nítorí náà, iye tí omi fi ju atẹ́gùn yẹn lọ la fi ń dá rédíétọ̀ lẹ́jọ́. Bí atẹ́gùn bá wà ní 32 tí omi wà ní 41, 9 ni ìyàtọ̀ wọn, iṣẹ́ tó dáa gan-an ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé AC ń ṣiṣẹ́, tí yàrá wà ní 24, 41 kan náà yẹn ti fi 17 ga ju yàrá lọ, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Lójú tèmi, kí fáànù má sáré jù, tí ìyàtọ̀ ò bá kọjá 10, ẹ fọkàn balẹ̀. Láti 10 dé 15 kò burú. Tó bá ti kọjá 15, ẹ wá ìdí rẹ̀. Èyí náà ló fà á tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ máa fi tiyín wé ti àwọn ará Jámánì àti Amẹ́ríkà tó ń gbé àyẹ̀wò jáde láti inú yàrá 21 °C. Omi tiwọn tó wà ní 30 àti tiyín tó wà ní 41, ọgbọọgba ni wọ́n bí yàrá yín bá wà ní 32.

Ibi tí ẹ máa gbé tẹmọ́mítà yàrá sí ṣe kókó. Ẹ má gbé e kọ́ sára ògiri òdìkejì. Ẹnu ibi tí fáànù rédíétọ̀ ti ń fa atẹ́gùn ni kó wà, kó má kan irin, kí atẹ́gùn AC má sì fẹ́ lù ú tààrà. Bí rédíétọ̀ bá wà lókè àpótí, tó ń fẹ́ atẹ́gùn síta, inú àpótí ni ẹnu yẹn wà, atẹ́gùn tí GPU (káàdì àwòrán) ti mú gbóná ló sì ń fà. Níbi tí irú èyí bá wà, mo máa ń wọn inú àpótí àti ìta, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo pé rédíétọ̀ òun ò ṣiṣẹ́ ló jẹ́ pé àpótí ni kò rí atẹ́gùn tútù fà wọlé.

Kí sẹ́ńsọ̀ omi fúnra rẹ̀ tó ṣeé gbà gbọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà, 10 kΩ (bó ṣe ń dènà iná tó) ló yẹ kó jẹ́ ní 25 °C, bó bá sì ṣe ń gbóná ni nọ́ńbà yẹn ń wálẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì ra ti 100 kΩ, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, omi rẹ̀ á máa sọ pé òun ti kọjá yìnyín. Sẹ́ńsọ̀ tó tọ̀nà náà lè fi 5% yẹ̀, ìyẹn sì tó bíi dígírì kan. Dígírì kan kì í ṣe nǹkan lára 88, àmọ́ lára 9 tí à ń wá, ó pọ̀.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà lálẹ́, ẹ má tan AC sí yàrá náà mọ́jú. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ tàn án, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ omi kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Omi tó dúró sójú kan láti alẹ́ ti bá yàrá dọ́gba, ohun tí tẹmọ́mítà yàrá bá sọ ló yẹ kí òun náà sọ. Bí tẹmọ́mítà bá ní 27 tí sẹ́ńsọ̀ ní 28.5, ẹ lọ sínú HWiNFO, ẹ ní kó máa yọ 1.5 kúrò lára ìlà náà.

Tẹmọ́mítà náà ńkọ́? Ẹ ra oníwáyà, èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣeé tì bọ omi. Ẹ fọ́ pure water tó ti dì sí wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú ife kó kún dé ìdí, kẹ́ ẹ wá bu omi tútù díẹ̀ sí i kó dí àlàfo àárín wọn, kẹ́ ẹ rò ó pọ̀. Ẹ ti ẹnu tẹmọ́mítà bọ àárín rẹ̀, kó má kan ara ife. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta, 0 ló gbọ́dọ̀ sọ. Bí yìnyín bá léfòó, tó ku omi nìkan nísàlẹ̀, omi ìsàlẹ̀ yẹn lè gbóná tó 4 °C, á sì ṣì yín lọ́nà.

Àwọn kan máa ń jiyàn lórí ibi tó yẹ kí sẹ́ńsọ̀ omi wà, bóyá lẹ́yìn CPU tàbí lẹ́yìn rédíétọ̀. Omi tó ń fi lítà kan kọjá ní ìṣẹ́jú kan máa gba bíi 70 W kó tó fi dígírì kan gbóná sí i. Bí pọ́ǹpù yín bá ń ti lítà mẹ́ta, tí CPU ń da 200 W sínú rẹ̀, omi tó ń jáde ò ní fi odindi dígírì kan gbóná ju èyí tó ń wọlé. Nítorí náà, ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi sí, bí omi tó ń ṣàn bá ṣáà ti ń kan ẹnu rẹ̀. Èyí tí wọ́n dè mọ́ orí táńkì níbi tí omi ti fà sílẹ̀, atẹ́gùn ló ń wọ̀n. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà lóde, ìdajì omi ìdajì yàrá ni yóò máa sọ. Tí ẹ bá wá ní sẹ́ńsọ̀ méjì, ọ̀kan níwájú CPU, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, tí ìyàtọ̀ wọn dé 6 lórí 200 W, omi tó ń kọjá kò tó ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú. Ẹ lọ wo pọ́ǹpù, ẹ wo bóyá ìdọ̀tí ti dí ojú bàbà tó wà lórí CPU.

Ẹ má sì kánjú kọ nọ́ńbà sílẹ̀. CPU lè fi dígírì 30 fò sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, omi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé iṣẹ́ kan náà fún un, kí fáànù wà lórí eré kan náà, kẹ́ ẹ tó wo omi. Bí iná bá lọ láàárín, tí ínfátà ò sì gbà á, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Lásìkò yẹn, kẹ́ ẹ pa áàpù pọ́ǹpù bí HWiNFO bá ti ń ka sẹ́ńsọ̀ kan náà, torí bí méjèèjì bá jọ ń bi í léèrè, ó lè máa sọ nọ́ńbà tí kò sí.

Níkẹyìn lórí fáànù: ẹ má jẹ́ kó máa tẹ̀lé ìgbóná CPU, á kàn máa ké á máa dákẹ́ ni. Omi ni kó máa tẹ̀lé. Níbi tí yàrá yín gbóná dé yìí, kó rọra yí títí dé 38, kó wá sáré tán tí omi bá dé 46. Ẹ má jẹ́ kí omi kọjá 50, torí 60 °C ni òpin tí wọ́n kọ sínú ìwé ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù.

Ẹ wọn atẹ́gùn ẹnu rédíétọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú 41 àti 88, pẹ̀lú orúkọ fídíò tí ẹ fi dán an wò àti ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí. Fídíò yẹn náà ni kẹ́ ẹ tún fi dán an wò lẹ́yìn ọyẹ́. Bó bá jẹ́ iye tí omi fi ju atẹ́gùn lọ ló pọ̀ sí i, eruku ọyẹ́ ti wọ rédíétọ̀, ẹ fẹ́ ẹ dà nù. Bó bá jẹ́ 47 tó wà láàárín CPU àti omi ló di 55, páàsítì ti gbẹ tàbí ojú bàbà ti dí; ẹ ké sí ẹni tó bá yín tò ó kó tú ibẹ̀.