Ìpè Zoom tó ń já nígbà tí fáìlì ńlá ń lọ sókè: ẹ kọ́kọ́ gba ìlà náà sọ́wọ́ ara yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó béèrè ní ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n ní ọ́fíìsì, ráútà 4G kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Tí ẹnì kan bá ti ń gbé fídíò lọ sórí Google Drive báyìí, ìpè Zoom àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ohùn á máa gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Speed test ní kò sí wàhálà. Wọ́n ti wọ inú ráútà, wọ́n tan QoS (ètò tó ń yan dátà tó máa lọ ṣíwájú), wọ́n fi Zoom sí "High", ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n ṣì wà.

Ohun tó fà á ni pé ibi tí èrò pọ̀ sí kọ́ ni wọ́n ti ń ṣètò ìlà. Inú àgbàlá ni wọ́n ti ń ní kí Zoom máa lọ níwájú, bẹ́ẹ̀ orí afárá tó wà níta ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà. Apá tó ń pín Wi-Fi nínú ráútà yára, nǹkan kì í dúró síbẹ̀. Apá modẹ́ẹ̀mù tó ń bá òpó sọ̀rọ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ há. Ibẹ̀ ni gbogbo dátà ń kóra jọ sí, modẹ́ẹ̀mù ò sì mọ Zoom yàtọ̀ sí Google Drive: èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní upload yín jẹ́ 1 Mbps. Packet (ìdì dátà kékeré) tó tóbi jẹ́ 1,500 byte, yóò lo mílísẹ́kọ̀ńdì 12 kó tó kọjá tán. Tí modẹ́ẹ̀mù bá láyè láti kó 256 kilobyte jọ, packet Zoom tó bá dé sẹ́yìn wọn á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì ó lé díẹ̀. Ìlànà G.114 ti àjọ ITU sì sọ pé ó dára kí ohùn má lò ju mílísẹ́kọ̀ńdì 150 lọ láti ẹnu sí etí. Ìpè ohùn lásán kì í sábà jẹ ju 100 kbps lọ, nítorí náà kì í ṣe pé ọ̀nà kò gbà á. Dídúró ló ń pa á. Bufferbloat lorúkọ tí wọ́n ń pè é, Jim Gettys wà lára àwọn tó pariwo rẹ̀ sétí ayé ní nǹkan bí 2010 sí 2011.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan, ẹ dán an wò. Ẹ ṣí Command Prompt méjì lórí kọ̀ǹpútà kan. Ping ń wọn àkókò tí dátà fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Nínú ọ̀kan, ẹ tẹ `ping -t 8.8.8.8` (sẹ́fà Google kan), nínú èkejì, ẹ ping ráútà fúnra rẹ̀, bóyá 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1. Ẹ wo iye tí wọ́n ń kọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan, kẹ́ ẹ wá gbé fáìlì ńlá kan sókè. Tí 8.8.8.8 bá fò láti mílísẹ́kọ̀ńdì 45 dé 700 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ti ráútà ò kúrò ní 2 tàbí 3, ohun tí mò ń sọ yìí gan-an ló ń ṣe yín. Àmọ́ tí ping ráútà náà bá ń fò sókè, Wi-Fi ló ń dà yín láàmú, QoS kankan ò lè wò ó sàn. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìpàdé, tàbí kẹ́ ẹ gbé e sórí 5 GHz, kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ráútà tiyín di ibi tó há jù lójú ọ̀nà. Ẹ máa sọ fún un pé kó má ṣe tú dátà jáde tó bí modẹ́ẹ̀mù ṣe lè gbé e, kí ìlà lè máa gùn lọ́dọ̀ tiyín níbi tí ẹ ti lè tò ó, kí modẹ́ẹ̀mù má rí nǹkan kó jọ. Ọgbọ́n ìtòlà tó dára ti wà nílẹ̀ tipẹ́: Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé CoDel jáde ní 2012, CAKE sì wọ inú Linux 4.19 ní 2018. Ọ̀pọ̀ ráútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń fún wa kò ní ìkankan nínú wọn. QoS tó wà níbẹ̀ kò ju àmì lásán lọ. Torí náà ẹ nílò ráútà kejì tó ń lo OpenWrt, ètò ìṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ráútà. Ẹ fa wáyà láti ihò LAN ti ráútà 4G sí ihò WAN ti tuntun, kẹ́ ẹ sì pa Wi-Fi ti 4G yẹn pátápátá. Ẹ má fojú di èyí. Fóònù kan tó bá ṣẹ́kù sórí Wi-Fi àtijọ́, tó ń kó fọ́tò lọ sí Google Photos, ti gba ẹ̀yìn ìlà yín kọjá, gbogbo ìṣirò yín á sì dàrú.

Lórí OpenWrt, ẹ lọ sí System, Software, ẹ fi luci-app-sqm síbẹ̀ (SQM ni irinṣẹ́ tó ń bá yín to ìlà), kẹ́ ẹ wá wọ Network, SQM QoS. Interface tí ẹ máa yàn ni ti WAN, kì í ṣe br-lan (ti inú ọ́fíìsì). Queue discipline: cake. Script: piece_of_cake.qos. Link layer: Ethernet with overhead, kẹ́ ẹ kọ 44, ó lè ju ohun tí ọ̀nà yín nílò lọ, àmọ́ kó pọ̀ díẹ̀ sàn ju kó dín lọ. Iye tí ẹ máa kọ sí Download àti Upload, kbit/s ni: 8 Mbps jẹ́ 8000. Ẹni tó bá kọ 8 ti ti ìlẹ̀kùn pa nìyẹn, ẹni tó bá kọ 0 sì ti ní kí SQM má dá sí apá yẹn rárá.

Iye tí ẹ máa kọ gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Ẹ má lo èyí tó wà nínú ìpolówó, ẹ má sì lo speed test aago mẹ́fà àárọ̀. Lórí 4G, ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án àti ní aago mẹ́jọ alẹ́, kẹ́ ẹ mú èyí tó kéré jù nínú àkókò iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì kọ ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Tí upload tó kéré jù bá jẹ́ 4 Mbps, ẹ kọ 3400. Tí fíbà bá wà níbi iṣẹ́ yín, tí kì í yí padà, ìdá 95 náà dára. Ẹ wá tún ping yẹn ṣe pẹ̀lú fáìlì ńlá. Bó bá ṣì ń gòkè ju mílísẹ́kọ̀ńdì 30 lọ sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ tún dín ìdá mẹ́wàá kúrò. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ máa sún un sókè díẹ̀díẹ̀ títí tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò, kẹ́ ẹ wá padà sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan. Upload ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, òun ló ń ba ìpè jẹ́ jù.

Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ọ̀gá tó ń sanwó dátà láti rí i pé speed test lọ sílẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún un, ẹ má fi iye náà dù ú. Níbi tí òpó bá ń yí padà gan-an láàárín wákàtí kan, tàbí lórí Starlink, script tí wọ́n ń pè ní cake-autorate máa ń wo ping, á sì máa gbé iye náà sókè sódò fúnra rẹ̀.

Fún ọ́fíìsì, nǹkan kan kù tó ṣe pàtàkì ju "High" lọ: kí ìpín wà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Nínú advanced options, ẹ kọ `nat dual-srchost` síbi egress (dátà tó ń jáde), `nat dual-dsthost ingress` síbi ingress (èyí tó ń wọlé). Láìsí èyí, ọ̀nà (connection) tí ẹnì kan ṣí ni CAKE ń pín fún, ẹni tó bá ṣí ogún ọ̀nà nígbà kan náà á gba ìpín ogún.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ò nílò láti fi ohunkóhun ṣíwájú mọ́. Tí upload yín bá há gan-an, bíi 2 Mbps sísàlẹ̀, ẹ pààrọ̀ script sí layer_cake.qos, kẹ́ ẹ fi diffserv4 kún ti egress. Ó ní ìpele mẹ́rin: Bulk, Best Effort, Video, Voice. Lójú tèmi, ẹ kọ́kọ́ rẹ àwọn tó ń jẹ dátà jù sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni ga. Ẹ̀rọ CCTV tó ń kó fídíò lọ síta àti kọ̀ǹpútà tó ń ṣe backup ní adírẹ́sì tí ẹ mọ̀. Ní Firewall, Traffic Rules, ẹ yan DSCP classification (àmì ipò tí a ń lẹ̀ mọ́ packet), kẹ́ ẹ fún adírẹ́sì wọn ní CS1, wọ́n á bọ́ sí Bulk. Zoom ń lo port (nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà dátà) UDP 8801 sí 8810, Teams ń lo UDP 3478 sí 3481: ẹ fún àwọn yẹn ní AF41, wọ́n á bọ́ sí Video. Ẹ má fún wọn ní EF, tó ń bọ́ sí Voice, torí ohùn àti fídíò jọ wà nínú àwọn port yẹn, Voice sì ní ìdá 25 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ipò iwájú rẹ̀ lọ. Fóònù orí tábìlì tó jẹ́ ohùn nìkan ló yẹ fún EF.

Ẹ má ṣe wàhálà lórí àmì fún download. Àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń nù ún kúrò lójú ọ̀nà, CAKE sì ti gba packet tó ń wọlé kí firewall yín tó fojú kàn án, òfin tí ẹ kọ síbẹ̀ ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ wo Network, Firewall: flow offloading gbọ́dọ̀ wà ní pípa, yálà software tàbí hardware, torí ó lè máa gbé dátà gba ẹ̀yìn SQM kọjá. Lórí ráútà MikroTik, òfin fasttrack ló ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ lo cake tó wà nínú RouterOS 7. Tí speed bá lọ sílẹ̀ ju iye tí ẹ kọ lọ, ẹ fi SSH wọ inú ráútà, ẹ wo `top` nígbà tí dátà ń ṣàn. Tí sirq (iṣẹ́ tí CPU ń ṣe lórí dátà) bá ń sún mọ́ 100, ráútà yẹn ò lágbára tó. Tí gbogbo ọ́fíìsì bá sì ń gba inú VPN kan jáde láti orí ráútà, ó lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni CAKE máa rí ní WAN, kò ní mọ ẹ̀rọ kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ tún kíyè sí iná. Bí ráútà 4G bá kú tó tún tàn, ó lè so mọ́ òpó mìíràn, iye tí ẹ wọ̀n tẹ́lẹ̀ lè máà bá a mu mọ́. Ẹ gbé e sórí inverter.

Tí ẹ bá ti ṣe é, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta síbí: ping nígbà tí nǹkan kan ò lọ, ping nígbà tí upload ń lọ, àti iye tí ẹ kọ sí SQM. Orúkọ ráútà náà ṣe pàtàkì.