Èsì: Ṣingọ́ọ̀mù nicotine ń jó mi lọ́fun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣingọ́ọ̀mù nicotine tí ẹ fi ń jáwọ́ nínú sìgá ń jó yín lọ́fun níbi iṣẹ́, ó sì ń fa òsúkè. Bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ ló fà á. Itọ́ rẹ̀ lẹ ń gbé mì. Ẹ rọra jẹ ẹ́ títí yóò fi ta lẹ́nu bí ata, kí ẹ wá fi há àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Tí títa náà bá rọlẹ̀, ẹ tún un jẹ, fún bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ má mu kọfí ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú (mo mọ̀ pé òtútù Ìlú Ọba ń pè é), torí kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnu fa nicotine náà dáadáa. Tí ẹ bá sì ní ikọ́ tó kọjá ọ̀sẹ̀ 3, ẹ fi han dókítà.