Ẹ Bèèrè, Mo Dáhùn: Awakọ̀ Bàálù Tó Padà Sínú Iná

Lẹ́tà méjì ló dé ọwọ́ mi lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ bàálù ogun. Inú mi dùn, torí iṣẹ́ tí mo fi jẹun nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe nínú iṣẹ́ ológun òfurufú Nàìjíríà kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ìlawẹ̀. Èmi kò wà á rí. Àwọn tó ń wà á ni mo máa ń bá de bẹ́líìtì kí wọ́n tó gbéra, mo sì mọ bí ojú wọn ṣe ń rí.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ifáfitì ni mí ní Adó-Èkìtì. Mo gbọ́ pé mísáìlì yára ju bàálù lọ fíìfíì. Báwo ni bàálù ṣe wá ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, eré tó ń sá yẹn gan-an ni àbùkù rẹ̀. Mú SA-2, mísáìlì tí ìjọba Soviet fún Àríwá Vietnam nígbà ogun wọn pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Ó gùn ju mítà 10 lọ, eré rẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́ta eré ohùn. Òpó tẹlifóònù tó ń fò ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹ́rí kíákíá. Eruku máa ń sọ lálá níbi tí wọ́n ti yìn ín, ibẹ̀ sì ni awakọ̀ ti máa rí i. Kò ní sá fún un o. Ṣe ló máa kọjú sí i, á ki imú bàálù bọlẹ̀ kí mísáìlì náà lè tẹ̀ lé e wálẹ̀, á wá fà á sókè lójijì. Mísáìlì á fẹ́ yí, kò ní rí i yí, á kọjá lọ. Bí awakọ̀ bá tètè fà á jù, mísáìlì á ráyè yí bá a. Bí ó bá pẹ́ jù, ó parí nìyẹn. Ẹni tí akọ màlúù bá ti lé rí nínú oko mọ̀ pé ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó kàn ọ́ ni wàá yẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní SS2 ní bàálù ogun lòun máa wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bẹnu àtẹ́ lù ú níwájú gbogbo ilé. Wọ́n ní kò sí akọni nínú kí èèyàn jókòó sókè kó máa ju bọ́ǹbù sílẹ̀ kó sì sá lọ, pé akọni ni Fábùnmi Òkèmẹ̀sí tó dojú kọ ọ̀tá nígbà ogun Kíríjì. Ọmọ náà kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ni kí n sọ fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Wọn kò ṣi Fábùnmi pè. Òótọ́ sì wà nínú ohun tí wọ́n sọ, torí ẹni tó ju bọ́ǹbù sórí ìlú tí kò ní ìbọn kankan, èmi náà kò ní lu ìlù fún un. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan, Leo Thorsness.

Ọmọ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota ni, wọ́n bí i ní 1932. Nígbà tó fi máa di 1967, mejọ̀ ni nínú iṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà, Takhli ní ilẹ̀ Thailand ni wọ́n sì ti ń gbéra lọ sí Àríwá Vietnam. Ẹni tó bá lọ ní ìgbà 100 tó sì padà, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Bàálù F-105 oníjòkòó méjì ni tirẹ̀. Òun wà níwájú, Harold Johnson jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn rédà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ọ̀tá fi ń wá bàálù lójú òfurufú.

Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ṣé ẹ mọ ajá ọdẹ tó ń wọ ihò bá òkété? Irú rẹ̀ ni wọ́n. Níbi tí mísáìlì bá wà, bíi mẹ́fà ni wọ́n máa ń tò yí rédà kan ká, rédà yẹn sì ni ojú wọn. Thorsness àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé kí rédà lè wò wọ́n. Bí ó bá ti wò wọ́n, Johnson á gbọ́ ọ, wọ́n á yin mísáìlì tiwọn tó ń tọ ohùn rédà lọ títí dé ìdí rẹ̀. Bí àwọn tó wà nílẹ̀ bá sì pa rédà kí ó má bàa bá wọn, ojú ti fọ́ nìyẹn, àwọn bàálù tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ráyè kọjá. Àwọn ló ń kọ́kọ́ wọlé, àwọn ló ń jáde gbẹ̀yìn. Ara wọn gan-an ni ìjẹ tí wọ́n fi ń dẹ ẹja. (Èmi kò pe àwọn tó wà nídìí mísáìlì náà ní ojo o. Ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń gbèjà.)

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1967, Thorsness àti bàálù kejì rẹ̀ pa ibùdó mísáìlì kan lẹ́nu mọ́, wọ́n sì fi bọ́ǹbù fọ́ èkejì. Ibẹ̀ ni ìbọn ilẹ̀ ti ba bàálù kejì náà. Àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ fò jáde, páráṣúùtì ń gbé wọn lọ sílẹ̀. Iṣẹ́ Thorsness ti parí. Ó lè máa lọ, ẹnikẹ́ni kò ní bi í. Ṣe ló ń yí po lókè orí wọn kí ojú rẹ̀ má bàa kúrò lára wọn, ó ń sọ ibi tí wọ́n wà fún àwọn agbẹ̀mílà. Bàálù ọ̀tá kan, MiG-17, yọ. Thorsness já a lulẹ̀.

Epo wá ń tán. Ó jáde lọ wá bàálù agbépo, èyí tó ń fún bàálù mìíràn ní epo lójú òfurufú. Nígbà yẹn ni ó gbọ́ pé hẹlikọ́pítà méjì tó wá gbé àwọn tó jábọ́ ti dé, pé MiG sì wà nítòsí.

Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí nínú ìtàn náà. Mo ti ṣiṣẹ́ lórí MiG-21 tiwa, mo mọ bí ẹ́ńjìnnì ogun ṣe ń mu epo. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde ní ìdí, abẹ́rẹ́ tó ń ka epo á máa rìn tí o bá ń wò ó. Awakọ̀ kò lè sọ pé òun gbàgbé. Ọkùnrin yìí rí abẹ́rẹ́ náà, ó sì yí padà, bàálù rẹ̀ nìkan, gba àárín mísáìlì àti ìbọn kan náà tó ti fẹ́ pa á tẹ́lẹ̀. Ó bá MiG mẹ́rin níbẹ̀, ó ba ọ̀kan jẹ́, ó lé ìyókù. Nígbà tó tún ń bọ̀, bàálù ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń ké pé epo òun fẹ́ tán. Ó yọ̀ǹda bàálù agbépo fún un, òun sì rọra wọ́ dé Udorn, ibùdó bàálù mìíràn ní Thailand, epo rẹ̀ ti gbẹ tán.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ìyókù, kó má rò pé ìtàn àlọ́ ni. Wọn kò rí àwọn méjì yẹn gbé. Ọ̀tá mú wọn. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà, nígbà tó kù ìgbà méje kí Thorsness pé 100, mísáìlì MiG-21 ba òun náà láti ẹ̀yìn. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni òun àti Johnson lò lẹ́wọ̀n. Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí àmì-ẹ̀yẹ ológun tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fún un. Wọn kò kéde rẹ̀, kí àwọn tó mú un má bàa fi jẹ ẹ́ níyà. Ẹlẹ́wọ̀n bíi tirẹ̀ kan ló fi ìka kan ògiri, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, tó fi gbọ́. Oṣù Kẹwàá 1973 ni Ààrẹ Nixon tó fi lé e lọ́wọ́.

Ẹ bi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ léèrè: kí ló sọ ogun Kíríjì ní Kíríjì? Ṣebí ìró ìbọn ni. Láti ọ̀nà jíjìn ni ọta ti ń bọ̀ wá bá àwọn èèyàn wa náà, wọ́n sì dúró sínú ìró yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi tí mo jókòó sí yìí, n kò rí ìyàtọ̀ láàárín wọn àti ẹni tó ki imú bàálù bọlẹ̀ kọjú sí mísáìlì.

Ní ti ọmọ, Kàdúná ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun wà, ìdánwò wọn kò sì rọrùn. Máàsì àti físíìsì ni kó di mú ní báyìí. Ẹ gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ àwọn olóòtú, kí ẹ mú un wá bá mi ní Ìlawẹ̀ ní Sátidé kan tí kò bá sí òde. Kí ó mú ìwé físíìsì rẹ̀ dání, kó sì jẹun kó tó wá.