Fíúsì tó ń jó léraléra: má jẹ́ kí wọ́n fi oní 30 sí i

Àbúrò mi ní Ọ̀ffà, mo rí ohun tó o kọ pé fíúsì iná ẹ̀yìn Corolla rẹ ń jó léraléra, àti pé réwáyà tó ń bá ọ wò ó ti ní kí o jẹ́ kí òun fi oní amp 30 (amp ni ìwọ̀n iná tí fíúsì lè gbà kọjá) sí i kí wàhálà lè tán. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má gbà fún un. Ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà nìyẹn ní 2019, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ jó mọ́ èmi àti ìyàwó mi lórí.

Òmù-Àrán la ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, a kó iṣu sí búùtù. A ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo tan iná. Kò pẹ́ tí ìyàwó mi ní òun ń gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Mo ní bóyá àwọn tó ń sun igbó ni. Kí a tó dé Gánmọ̀, èéfín ti ń yọ lẹ́yìn àga. Mo páàkì, mo pa ọkọ̀, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo fi sípánà 10 tú ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù kúrò lórí bátìrì. Ọpẹ́lọpẹ́ sípánà yẹn. Títí di òní, inú àpò ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi ló ń gbé.

Fíúsì pupa oní 10 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Aláwọ̀ ewé oní 30 ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́, wáyà tí wọ́n sì fà lọ sí iná ẹ̀yìn tẹ́ẹ́rẹ́. Bí o bá fi oní 30 ṣọ́ ọ, wáyà yóò ti jó lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kí fíúsì tó já.

Bàbá réwáyà kan ní Gáà-Àkáńbí, tí gbogbo wa ń pè ní Alíájì, ló bá mi rí ìdí rẹ̀. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọkọ̀ rárá. Ó ní, "Ìgbà wo ló máa ń jó? Ṣé bó o bá ṣe tanná báyìí ni, àbí ó di ìgbà tó bá rìn díẹ̀?" Mo ní bí mo bá ṣe tanná ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́. Ó ní, "Kí lo máa ń ṣe kó tó jó?" Ìgbà yẹn ló tó sọ sí mi lọ́kàn pé ọjọ́ tí mo bá kó ẹrù sí búùtù ni.

Ìwọ náà, ìbéèrè yẹn ni kó o kọ́kọ́ dáhùn. Fíúsì tó bá jó lójú ẹsẹ̀, wáyà iná ti kan bọ́dì níbì kan, ó ti bíríìjì nìyẹn. Èyí tó bá pẹ́ kó tó jó, ohun tó ń fà ló wúwo jù fún un: mọ́tò tó ti ń le, tàbí ohun tí ẹnì kan lọ so mọ́ ọn. Èyí tó bá jẹ́ inú gálọ́ọ̀pù nìkan ló ti ń jó, wáyà tó ti bó ló ń mì kan irin.

Wáyà tó jó lábẹ́ àga la kọ́kọ́ pààrọ̀, ṣùgbọ́n Alíájì ní orísun rẹ̀ ṣì wà níbì kan. Ó mú gílóòbù iná bíréèkì àtijọ́ kan, oní 21 watt, ó so wáyà méjì mọ́ ọn, ó yọ fíúsì, ó ki ẹnu wáyà méjèèjì sí ojú ihò rẹ̀. Ó yọ gbogbo gílóòbù páàkì, tiwájú tẹ̀yìn, àti ti nọ́ńbà. Ó ní kí n tanná. Gílóòbù ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ìyẹn ni pé wáyà kan ṣì kan irin níbì kan. Iná tó lè gba inú gílóòbù yẹn kọjá kò tó amp 2, nítorí náà wáyà kò ní jó bó o bá ń wá a títí, o kò sì ní máa ra fíúsì kún fíúsì. Àmọ́ gílóòbù náà máa ń gbóná gan-an, má gbé e lé kápẹ́ẹ̀tì tàbí ike.

A yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ọ̀tún, ó ń tàn. A yọ tòsì, ó ṣì ń tàn. Alíájì bá di ìdì wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ ìdérí búùtù mú, ó mì í díẹ̀. Gílóòbù ṣẹ́jú. Ó tún mì í, ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀, ó kù tó ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ti iná dáṣíbọọ̀dù nìkan. Ó fi abẹ la rọ́bà dúdú tó bo ìdì náà. Wáyà tó lọ sí iná nọ́ńbà ti bó níbi tó ti máa ń ká bí a bá ṣí búùtù, kọ́pà rẹ̀ ti ṣe àwọ̀ ewé, àpá dúdú kan sì wà lára irin tó kọjú sí i, kò ju orí ìṣáná lọ. Ohun tó ń jó fíúsì fún oṣù mẹ́ta nìyẹn, tí wọ́n fi ní kí n pààrọ̀ súìṣì iná, tí mo sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ó gé ibi tó bàjẹ́, ó fi wáyà tó nípọn bákan náà sí i, ó fi òjé jó o pọ̀, ó fi rọ́bà bò ó, ó sì jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ kó má baà máa fà. Oní 10 ló dá padà. Kò tíì jó láti ọjọ́ náà.

Bí tìrẹ kò bá sí ní búùtù, wo ibi tí wáyà ti wọ ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn rédíò tí ẹnì kan bá ti tú u rí, àti ibi tó sún mọ́ sáílẹ́ńsà. Ọkọ̀ tó bá pẹ́ nílẹ̀, eku máa ń jẹ wáyà rẹ̀. Wáyà tó bá ní ike yẹ́lò, má ki gílóòbù bọ̀ ọ́, ti airbag ni. Kó o sì wò ó dáadáa bóyá fíúsì TAIL (ti iná ẹ̀yìn) ló ń jó àbí STOP (ti iná bíréèkì): bí STOP bá jó, jíà ọkọ̀ automatic kì í fẹ́ kúrò ní P.

Dán gílóòbù yẹn wò, kó o sọ fún mi ohun tó o mì tàbí tó o yọ kí ìmọ́lẹ̀ tó wálẹ̀. Bí réwáyà rẹ bá sì ti fi oní 30 yẹn sí i, yọ ọ́ lónìí, kó o má wa ọkọ̀ náà lálẹ́ títí a ó fi rí ibi tó ti bó.