Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó di aṣòfin lọ́dún 1836: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

ÌBÉÈRÈ (olùkàwé kan láti Ìbàdàn): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo gbọ́ pé ọmọ adúláwọ̀ kan wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1836. Ṣebí wọ́n ṣì ń fi àwọn ènìyàn wa ṣẹrú níbẹ̀ nígbà náà? Báwo ló ṣe débẹ̀, kí ló sì lọ ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè. Alexander Twilight ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Vermont ni, ìpínlẹ̀ kékeré kan tó bá Kánádà pààlà. Òfin Vermont ló ṣí ọ̀nà fún un. Láti ọdún 1777 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin ìpilẹ̀ wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àgbàlagbà ṣẹrú. Wọn ò sì béèrè ilẹ̀ tàbí dúkìá lọ́wọ́ olùdìbò. Nígbà náà, ọkùnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tó ti gbé ìpínlẹ̀ náà fún ọdún kan, tó sì jẹ́ ọmọlúàbí, á búra, á dìbò. Ẹni tí ìlú fẹ́ rán lọ sílé aṣòfin gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì ní Vermont, kí èyí tó kẹ́yìn nínú méjèèjì jẹ́ inú ìlú náà gan-an.

Ọdún kan ni aṣòfin máa ń lò láyé ìgbà náà. Wọ́n á dìbò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, àwọn tó wọlé á sì jókòó ní Montpelier, olú-ìlú Vermont, láti Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù Kẹwàá. Aṣojú kan ṣoṣo ni ìlú kọ̀ọ̀kan máa ń ní nígbà náà, ì báà tóbi, ì báà kéré. Brownington, ìlú kékeré kan ní àríwá, ni Twilight ṣojú fún.

Owó ilé ẹ̀kọ́ ló gbé e lọ, ibẹ̀ sì ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí Vermont ń pín ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ tẹ ìlú dó, ó máa ń yọ ìpín kan sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó wà fún gbogbo káńtì, ìyẹn agbègbè tó kó ìlú púpọ̀ pọ̀ nínú ìpínlẹ̀. Wọn kì í ta ilẹ̀ náà, wọ́n á fi háyà fún àgbẹ̀, owó tó bá ń wọlé lọ́dọọdún ni wọ́n á fi gbọ́ bùkátà ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n irú háyà bẹ́ẹ̀ kì í tán. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ó wà níwọ̀n ìgbà tí igi bá ṣì ń hù tí omi sì ń ṣàn, iye tí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n á máa san títí. Owó náà kì í lé, àwọn tó fẹ́ jẹ nínú rẹ̀ ló ń lé.

Ní Orleans County, ilé ẹ̀kọ́ Brownington, níbi tí Twilight ti jẹ́ ọ̀gá láti 1829, ló ń gba owó yìí. Craftsbury, tó wà ní káńtì kan náà, ní kí wọ́n pín in. Twilight lọ sí Montpelier láti dí ọ̀nà ìpín náà. Apá rẹ̀ ò ká a, wọ́n pín owó náà. Ìbò kan ni ìlú rẹ̀ ní, ìbò kan náà ni Craftsbury ní. Lójú tiwa, ìjà tó lọ jà yìí ló yẹ kí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ nípa rẹ̀, kí wọ́n tó sọ ti pé òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

ÌBÉÈRÈ (láti Ìlọrin): Ọ̀rẹ́ mi ní Wentworth Cheswell ló ṣáájú rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ọdún 1866 ni. Ta ni ká gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Àwọn méjèèjì sọ òótọ́, ipò ni wọ́n pò pọ̀. Kọ́ńsítébù ìlú ni wọ́n dìbò yan Cheswell sí ní Newmarket, ní New Hampshire, lọ́dún 1768. Ọdún 1866 ni ti Edward Walker àti Charles Mitchell, àwọn aṣòfin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní Massachusetts. Ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, Twilight ló ṣáájú, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ti Massachusetts.

Àríyànjiyàn kan tún wà lórí ìwé tó kà. Middlebury College ló ti gboyè lọ́dún 1823, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí wọ́n fi ń pe Edward Jones, tó gboyè ní Amherst College lọ́dún 1826, ní adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà. Ohun tó fa àṣìṣe náà ni pé Twilight pupa, àwọn tó ń ka ènìyàn fún ìjọba sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí aláwọ̀ funfun. Inú ìdílé adúláwọ̀ tó lómìnira ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1795, Ichabod bàbá rẹ̀ sì jagun òmìnira Amẹ́ríkà. Jones yìí kan náà ló kọjá sí Sàró, tó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay, níbi tí Àjàyí Crowther ti kẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú kó tó débẹ̀.

ÌBÉÈRÈ (láti Massachusetts): Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ lọ wo ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ṣé ohunkóhun ṣẹ́ kù?

ÌDÁHÙN: Ó ṣẹ́ kù dáadáa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí Brownington, ibi tí wọ́n máa sùn ò tó. Twilight bẹ ìgbìmọ̀ alábòójútó pé kí wọ́n kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n kọ̀. Ló bá kọ́ ọ fúnra rẹ̀ láàárín 1834 sí 1836: ilé alájà mẹ́rin, òkúta akọ látòkèdélẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Athenian Hall. Lọ́dún 1847, aáwọ̀ pẹ̀lú ìgbìmọ̀ náà lé e kúrò, ó lọ ń kọ́ni ní Quebec, kó tó padà lọ́dún 1852. Rọpárọsẹ̀ kọlù ú lọ́dún 1855, ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1857. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ náà tì.

Ilé olókùúta náà ti di mùsíọ́ọ̀mù báyìí, Old Stone House ni wọ́n ń pè é. Ẹ má ṣe ṣi ọ̀nà lọ sí Middlebury o. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ lórúkọ rẹ̀, Twilight Hall, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ́ ọ, ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ náà ló sì wà. Brownington wà lókè pátápátá, nítòsí Kánádà, ọ̀nà I-91 ló yá jù láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ lọ nígbà ooru, torí yìnyín ibẹ̀ ò ṣeé fojú di, kí ẹ sì pè wọ́n lórí fóònù ṣáájú. Bí ẹ bá ti wo ilé náà tán, ẹ rìn dé itẹ́ òkú ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀.