Yeong-hye tí kò sọ tẹnu ẹ̀

Ẹ ní ẹ há ní apá kejì The Vegetarian, ìwé ìtàn tí Han Kang, òǹkọ̀wé ará South Korea, kọ, ẹ wá ń bi mí bóyá ewé kan já nínú ìwé yín, torí Yeong-hye, obìnrin tó jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ tí ìtàn náà dá lé, kò sọ ìtàn ara ẹ̀. Kì í ṣe pé ewé kan já nínú ìwé yín o, bí Han Kang ṣe kọ ọ́ nìyẹn: ọkọ Yeong-hye ló sọ apá kìíní, ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ la bá rìn ní apá kejì tí ẹ ti há yẹn, In-hye ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní apá kẹta.

Tó bá jẹ́ ohùn Yeong-hye gan-an lẹ ń wá, ẹ padà síbi àwọn àlá ẹlẹ́jẹ̀ ní apá kìíní, ibẹ̀ ló ti ń sọ pé “èmi”. Àmọ́ ẹ má gba ọ̀rọ̀ ọkọ yẹn gbọ́ tán o, ọkùnrin tó ní torí pé ìyàwó òun ò yàtọ̀ lóun ṣe fẹ́ ẹ!

Ibi tí bàbá Yeong-hye ti ń fi tipátipá ki ẹran bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ṣì ń dùn mí. Ẹ dákun ẹ ka apá kẹta, In-hye ló padà wò ó bí èèyàn.